Ọmọ Mélòó Ló Tó? Ọ̀rọ̀ Ìbímọ, Ìtọ́mọ àti Ìkànìyàn ní Ore àti Odigbo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ni aṣọ. Yorùbá kan náà ló tún ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Òwe méjèèjì yìí làwọn èèyàn ṣì fi ń ja ara wọn níyàn káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, láti gáréèjì Ore títí dé àwọn kámpù àgbẹ̀ tó wà láàárín igbó kòkó.

Àwọn kan á ní ìran tó bá pọ̀ ló máa ń rí ìpín gidi gbà lọ́wọ́ ìjọba, pé ìran tó bá ń bí ọmọ méjì péré máa tó di ẹni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn á fèsì pé pẹ̀lú bí gàrí àti owó ilé ìwé ṣe rí yìí, ta ló fẹ́ tọ́ ọmọ mẹ́fà? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti tọkọtaya nìkan. Ó kan bí wọ́n ṣe ń pín owó ìjọba àpapọ̀, iye àga tí ìpínlẹ̀ kan ní nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àti ẹni tó máa tọ́jú àgbàlagbà lọ́jọ́ alẹ́.

Ẹ wo ohun tí àkọsílẹ̀ àti ìtàn sọ nípa rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n ìbímọ?

Ìwọ̀n ìbímọ ni iye ọmọ tí obìnrin kan máa bí láyé rẹ̀, tó bá jẹ́ pé bí àwọn obìnrin ìlú náà ṣe ń bímọ lásìkò yìí lòun náà ṣe bí títí nǹkan oṣù rẹ̀ fi dúró. Kì í ṣe iye ọmọ tí ìyá kan pàtó bí. Òṣùwọ̀n gbogbo ìlú ni.

Àwọn onímọ̀ ní tí ìwọ̀n náà bá jẹ́ bíi 2.1, iye èèyàn orílẹ̀-èdè kan máa dúró lójú kan tó bá yá, láìka àwọn tó ń ṣí wọlé tàbí tó ń ṣí jáde. Ọmọ méjì rọ́pò ìyá àti bàbá. Ara ohun tó fa ìdá kékeré tó kù ni àwọn tó ń kú kí wọ́n tó dàgbà. Níbi tí ikú ọmọdé bá ti pọ̀, 2.1 kò ní í tó.

Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń ṣe lórí ìlera àti ìdílé ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní NDHS, fi hàn pé ìwọ̀n ìbímọ orílẹ̀-èdè yìí ń wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀:

- Ọdún 1990: ọmọ 6.0 fún obìnrin kan
- Ọdún 2003 àti 2008: 5.7
- Ọdún 2013: 5.5
- Ọdún 2018: 5.3
- Ọdún 2023 sí 2024: 4.8

Àmọ́ ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní 2018, ìwọ̀n ìbímọ jẹ́ 6.6 ní ìwọ̀-oòrùn àríwá, ó sì jẹ́ 3.9 ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, níbi tí ìpínlẹ̀ Oǹdó wà. Ẹ̀kọ́ ìwé ló túbọ̀ fi ìyàtọ̀ náà hàn. Káàkiri Nàìjíríà lọ́dún náà, àwọn obìnrin tí kò lọ sílé ìwé rárá ń bí 6.7, àwọn tó kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì ń bí 3.4.

Ẹ kíyè sí i pé 3.9 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì 2.1. Ẹni tó bá ń pariwo pé ìran Yorùbá ti ń parẹ́ nítorí àìbímọ kò rí ẹ̀rí dì mú níbẹ̀. Àwọn èèyàn ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣì ń pọ̀ sí i. Ohun tó yí padà ni pé wọn kò bí tó bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń bí mọ́.

Orúkọ tó ń sọ ìtàn

Kí ló dé tí àwọn ará àtijọ́ fi ń bímọ púpọ̀? Ìdáhùn wà nínú orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó: ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta ló ń bẹ ìkẹrin pé kó jókòó ti òun. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, èéyi àti ikọ́ ló ń pa wọ́n, àbíkú sì ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ mẹ́ta sin òun ní láti bí mẹ́fà tàbí méje. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Ìdí kejì ni oko. Odigbo jẹ́ ilẹ̀ kòkó, ilẹ̀ ọ̀pẹ àti ilẹ̀ gẹdú. Yàtọ̀ sí àwọn onílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ wá láti Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Èkìtì àti ibi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ láti gbin kòkó ní igbó Oǹdó. Ẹni tó lọ́mọ púpọ̀ ò nílò alágbàṣe púpọ̀: àwọn kan á máa ká kòkó, àwọn kan á máa fọ́ ọ, àwọn kan á máa sá a. Ìdí kẹta ni ọjọ́ ogbó. Àgbẹ̀ kì í gba owó ìfẹ̀yìntì, ọmọ ló máa ń dúró fún un gẹ́gẹ́ bí owó ìfẹ̀yìntì.

Síbẹ̀, àwọn ará àtijọ́ kì í bímọ bí ẹni da èpò. Wọ́n ń fi àlàfo sí i. Ìyàwó tó ń fọ́mọ lọ́yàn kì í sún mọ́ ọkọ, èyí sì máa ń tó ọdún mẹ́ta. Ìtìjú ńlá ni kí oyún mìíràn wọlé nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn kò tíì rìn dáadáa. Ní 1977, John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat, àwọn onímọ̀ nípa iye èèyàn tó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àṣà yìí láàárín Yorùbá. Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe torí kí ọmọ má pọ̀ làwọn ìyá ṣe ń yàgò fún ọkọ, bí kò ṣe kí èyí tó wà lọ́wọ́ má baà kú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òyìnbó ló mú ọ̀rọ̀ àlàfo láàárín ọmọ wá kò tíì bi ìyá àgbà léèrè.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà

Ohun àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú ìlera. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, dókítà David Morley láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Imẹsí-Ilé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ọmọ lóṣooṣù, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì kan tí ìyá máa ń mú lọ sílé. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí àwọn ìyá ń gbé lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára kárí ayé lónìí, ara ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ìwádìí mìíràn wáyé ní Èkìtì, tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1976 títí di 1996. I. O. Orubuloye àti Caldwell fi ìlú méjì wéra, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1975. Ìdó ní ilé ìwòsàn, Ìsinbọ̀dé kò ní. Èdè kan náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ kan náà, oúnjẹ kan náà. Síbẹ̀ àwọn ọmọ Ìdó ń yè ju ti Ìsinbọ̀dé lọ dáadáa. Bí ìyá bá ti rí i pé ọmọ tóun bí ò ní í kú, kò ní ìdí láti máa bí àfikún sílẹ̀ de ikú mọ́.

Ohun kejì ni ilé ìwé. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba ológun ìgbà náà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kárí orílẹ̀-èdè. Ọmọ tó yẹ kó wà lóko ti wà ní kíláàsì. Bàbá ló wá ń ra ìwé, tó ń ra aṣọ ilé ìwé, tó ń wá alágbàṣe tó máa bá a ká kòkó.

Caldwell fi ohun tó rí lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá ṣàlàyé èyí ní 1976. Ó ní kí wọ́n máa béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: láàárín òbí àti ọmọ, ta ló ń fún ta? Níbi tí ọmọ bá ti ń ṣiṣẹ́ fún òbí láti kékeré, bíbí púpọ̀ lérè. Níbi tí òbí bá ti ń náwó lé ọmọ lórí fún ogún ọdún, ìdílé á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ló lágbára jù níbẹ̀. Una Osili àti Bridget Terry Long ṣe ìwádìí lórí ètò ọdún 1976 náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Wọ́n rí i pé àfikún ọdún kan ní ilé ìwé ń dín iye ọmọ tí obìnrin máa bí kó tó pé ọdún 25 kù ní nǹkan bí ìdámẹ́rin ọmọ kan. Lédè mìíràn, ọdún mẹ́rin ní ilé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ kan. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú wọn. Wọ́n kàn ń pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó lọ́kọ ni.

Ọmọ mẹ́rin ti ọdún 1988

Ìjọba náà gbìyànjú láti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1988, nígbà ìjọba ológun Ibrahim Babangida, Nàìjíríà gbé ìlànà àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí iye èèyàn jáde. Ohun tí aráyé rántí jù nínú rẹ̀ ni gbólóhùn kan: obìnrin kan, ọmọ mẹ́rin. Ìlànà náà tún fẹ́ kí obìnrin tó pé ọdún 18 kí wọ́n tó sọ ọ́ dìyàwó.

Kì í ṣe òfin tó ń fìyà jẹ èèyàn. Ìmọ̀ràn lásán ni. Àmọ́ àríwísí pọ̀ lórí rẹ̀, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Wọ́n ní kí ló dé tó jẹ́ ìyá nìkan ni wọ́n ka ọmọ sí lọ́rùn? Ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta lè bí méjìlá láìtàpá sí ìlànà náà.

Nígbà tí wọ́n tún ìlànà ọ̀hún ṣe ní 2004, àfojúsùn tí wọ́n gbé síwájú ni kí ìwọ̀n ìbímọ máa fi 0.6 dín kù ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Òṣùwọ̀n tó wà lókè yẹn fi hàn pé kò yá tó bẹ́ẹ̀: láti 5.7 ní 2003, ó di 5.3 ní 2018. Wọ́n tún gbé ìlànà tuntun mìíràn jáde ní 2022. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìkéde Àbújá kọ́ ló ń dín ìbímọ kù. Ibi tí ọmọ bá ti ń yè, tí ọmọbìnrin sì ń kàwé, ni ìbímọ ti ń dín kù fúnra rẹ̀.

Abíyè: ohun tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìtàn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kí ìyá àti ọmọ yè. Ní 2009, lábẹ́ gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, tó jẹ́ dókítà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀dọ̀rẹ̀. Wọ́n yan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ alábòyún lọ sílé, wọ́n sì fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn nígbàkígbà.

Ohun mẹ́rin ni wọ́n ní ó ń pa ìyá: kí aboyún pẹ́ kó tó gbà láti lọ sílé ìwòsàn, kó pẹ́ lójú ọ̀nà, kó pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn nígbà tó débẹ̀, kó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ju tiwọn lọ. Ẹni tó bá ń gbé ní kámpù tó jìnnà sí títì mọ̀ pé ìkejì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà òjò, ọ̀kadà pàápàá kì í fẹ́ wọ ọ̀nà oko mìíràn.

Ní 2010, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́, níbi tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Lọ́dún kan náà, òfin wáyé pé kí wọ́n máa fi gbogbo ikú ìyá nígbà oyún tàbí ìbímọ tó ìjọba létí, kí wọ́n lè wádìí ohun tó fà á. Ní 2014, ètò Agbẹ̀bíyè tẹ̀lé e. Dípò kí wọ́n máa lé àwọn ìyá àbíyè àti àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ kiri, wọ́n ń fún wọn ní owó ìwúrí tí wọ́n bá mú aboyún wá sílé ìwòsàn, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn.

Kò túmọ̀ sí pé wàhálà tán. NDHS ọdún 2018 sọ pé nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ó jẹ́ 62. Ní ìwọ̀-oòrùn àríwá, 187. Ti ọdún 2023 sí 2024 fi hàn pé ti gbogbo orílẹ̀-èdè ti wálẹ̀ sí 110. Ẹkùn tó ń bí jù náà ló ń sin jù. Ìyẹn ló yẹ kí ẹni tó ń ka ọmọ àwọn ará òkè ọya máa rántí.

Bíbí lọ́tọ̀, kíkà lọ́tọ̀

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìpín. Nígbà tí wọ́n bá ń pín owó láàárín àwọn ìpínlẹ̀ àti láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ìlànà wà fún un. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pín dọ́gbadọ́gba, láìwo iye èèyàn. Ìdá 30 ni wọ́n ń pín gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn. Ìyókù wà fún bí ilẹ̀ ṣe tóbi, owó tí wọ́n ń pa wọlé fúnra wọn, àti ètò ìlera, ẹ̀kọ́ àti omi. Nítorí náà, iye èèyàn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ó tún kan àga ilé aṣojú-ṣòfin: àga 360 ló wà, Oǹdó ní 9, Odigbo sì ń pín ọ̀kan pẹ̀lú Ilé-Olúji àti Òkè-Igbó.

Iye èèyàn wo ni wọ́n ń lò? Èyí tí wọ́n kà. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà wáyé ní oṣù kẹta ọdún 2006. Nígbà náà:

- Nàìjíríà: 140,431,790
- Ìpínlẹ̀ Oǹdó: 3,460,877
- Ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo: 230,351

Láti ìgbà náà, kò sí òmíràn. Wọ́n ti múra sílẹ̀ láti kà ní 2023, wọ́n sún un síwájú kí ìjọba Muhammadu Buhari tó kógbá wọlé. Láàárín àkókò yìí, Ghana ti kà ní 2010 àti 2021, Tógò ti kà ní 2010 àti 2022. Iye tó ju mílíọ̀nù 230 tí àwọn èèyàn ń pè ní iye ọmọ Nàìjíríà lónìí, ìdíwọ̀n tí àwọn onímọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ni. Ẹnikẹ́ni kò ka àwọn èèyàn náà.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò báyìí. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ore ní oṣù kẹrin ọdún 2006, lẹ́yìn tí àwọn olùkànìyàn ti lọ tán, pé ọdún 18 ní 2024. Ó ti lè dìbò. Ó ti lè ní ọmọ tirẹ̀. Síbẹ̀ kò sí nínú iye tí wọ́n fi ń pín nǹkan. Bí ìyá rẹ̀ bí méjì tàbí ó bí mẹ́jọ, kò sí ìyàtọ̀ lójú ìwé ìjọba, nítorí kò sí èyí tí wọ́n kà nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ní Ore ju ibòmíràn lọ. Oríta ni Ore: ọ̀nà Ṣàgámù, ọ̀nà Benin, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa pàdé níbẹ̀. Oríta náà ló mú kí ogun ọdún 1967 dé ibẹ̀, òun náà ló ń mú ọjà àti èrò wá lójoojúmọ́. Yorùbá oríṣiríṣi, Ìgbò, Ẹ̀bìrà, Hausa àti àwọn mìíràn ló ń ṣòwò níbẹ̀. Ìlú bẹ́ẹ̀ kì í fi ọmọ bíbí nìkan dàgbà. Nígbà ìkànìyàn, àwọn kan máa ń padà sí ìlú bàbá wọn kí wọ́n lè kà wọ́n síbẹ̀. Tí ẹni tó ń gbé ní Ore bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlú bàbá rẹ̀ ló fi iye kún, àmọ́ ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ní Ore ló dín kù. Àwọn kámpù inú igbó náà wà níbẹ̀: ibi tí olùkànìyàn kò bá dé, ó dà bí ẹni pé èèyàn ò gbé ibẹ̀ rí.

Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní oṣù keje ọdún 2024 tún fi kún un. Ilé ẹjọ́ náà ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé iye èèyàn tí wọ́n kọ sí orúkọ Odigbo ti di ohun tó yẹ kí ará Odigbo fúnra rẹ̀ máa béèrè.

Àwọn tí ọmọ wọn ti wọ́n jù

Àwọn kan á ní ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí ìbímọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, kì í dúró mọ́. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán. Ní 1960, obìnrin Gúúsù Kòríà ń bí nǹkan bí ọmọ mẹ́fà, bíi ti Nàìjíríà ọdún 1990. Ìjọba wọn ní kí wọ́n dín in kù, wọ́n sì dín in kù. Ní 2023, ó ti já sí 0.72, ìyẹn ni pé kò tó ọmọ kan. Ilé ìwé ń tì, àgbàlagbà ń pọ̀, ìjọba sì ń náwó rẹpẹtẹ láti bẹ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n bímọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dáhùn. Ṣáínà fi òfin ọmọ kan ṣoṣo de àwọn èèyàn rẹ̀ láti 1980, ó tú u sílẹ̀ ní 2016, ó sì gbà kí wọ́n bí mẹ́ta ní 2021. Ìbímọ ò padà sókè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ilé gbígbé wọ́n, iṣẹ́ ń gba gbogbo àkókò, ìyá nìkan ni ẹrù ọmọ títọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nàìjíríà ò tíì sún mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Yorùbá lè fi ṣọ́ra. Ìdílé tó fi ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti aládùúgbò ṣe alábàátọ́ ló mú kí ọmọ bíbí rọrùn nílẹ̀ yìí. Tí gbogbo rẹ̀ bá di ti ìyá àti bàbá nìkan nínú yàrá kan ní Èkó, ọ̀rọ̀ Kòríà lè wá di tiwa lọ́jọ́ kan.

Ewu tó wà nílẹ̀ báyìí yàtọ̀ sí èyí. Àwọn tí wọ́n ti bí, tí wọ́n ti tọ́, tí wọ́n ti kọ́ níwèé ló ń lọ. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kéré débi pé kò yẹ kí àwọn olówó máa wá kó wọn lọ ní ìkókúkòó. Nọ́ọ̀sì tó já pa lọ sí London ni ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ń wá kiri ní Nàìjíríà. Bíbí ọmọ mẹ́wàá kò lè dí àyè nọ́ọ̀sì kan.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan

- Ìwé ẹ̀rí ìbí. Òfin ọdún 1992 ní kí wọ́n fi orúkọ gbogbo ọmọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 60 tí wọ́n bí i, lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ìkànìyàn, NPC. Ìwádìí ọdún 2021 fi hàn pé ìdá 57 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n ti fi orúkọ wọn sílẹ̀. Ìwé yìí ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ọmọ náà wà láyé, ó sì máa nílò rẹ̀ fún ilé ìwé àti NIN.

- Àlàfo. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kó tó ọdún méjì, ó kéré tán, lẹ́yìn ìbímọ kí oyún mìíràn tó wọlé. Ìyá àgbà ń lo mẹ́ta. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi yíyàgò fún ọkọ ṣe é lè bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lórí ìfètòsọ́mọbíbí. Abẹ́rẹ́ wà, oògùn oníhóró wà, èyí tí wọ́n ń kì bọ apá wà, kọ́ńdọ̀mù sì wà. Kò sí èyí tó bá gbogbo èèyàn lára mu, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí tọkọtìyàwó jọ lọ.

- Oyún. Kí aboyún ti forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn ní kùtùkùtù, kí wọ́n sì ti mọ ọkọ̀ tó máa gbé e àti ẹni tó máa tẹ̀ lé e kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, pàápàá àwọn tó ń gbé lóko.

- Ọmọbìnrin. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2007. Ọmọ ọdún 15 kì í ṣe ìyàwó. Ilé ìwé ni àyè rẹ̀.

- Ọjọ́ ogbó. Láti 2019, ètò owó ìfẹ̀yìntì kékeré wà fún àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, níbi tí èèyàn ti lè máa dá díẹ̀díẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá ní nǹkan nílẹ̀ kò ní í ti gbogbo ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ lé ọmọ lórí.

- Ìkànìyàn. Tí ọjọ́ rẹ̀ bá dé, ibi tí èèyàn ń gbé, tí ọmọ rẹ̀ ti ń mu omi tó sì ti ń lọ sílé ìwé, ni kó ti jẹ́ kí wọ́n ka òun. Ẹni tó bá wà ní kámpù kó má lọ sóko lọ́jọ́ náà, kó sì ka ìkókó mọ́ àgbàlagbà.

Kò sí ìjọba tó lè sọ iye ọmọ tó tó fún tọkọtaya kan, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ìdíje láàárín ẹ̀yà ó sọ ọ́ fún wọn. Nǹkan tó ti hàn láti ìgbà Ìdó àti Ìsinbọ̀dé ni pé ọmọ tó yè ló ń mú ìran gbòòrò. Èyí tó yè ní láti kàwé kó tó lè ran ìlú lọ́wọ́. Èyí tí wọn ò kà sì máa ń jẹ nínú ìpín tó ti kéré tẹ́lẹ̀. Ní Odigbo, 230,351 ọdún 2006 ni wọ́n ṣì kọ sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kún ilé ìwé ibẹ̀ lónìí kò sì sí nínú rẹ̀.